Àwọn Kòkó Tó Mu Omi Ọṣẹ

Òórùn ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá ti gbé agbo ilé rí, o mọ òórùn tí mò ń sọ: ọṣẹ dúdú, ewé tó ti rà, àti ẹrẹ̀ tí kì í gbẹ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ilé àna mi ní Apòmù ni mo dúró sí ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo gbé omi tí mo fi wẹ ọmọ mi tán dání, mo fẹ́ dà á nù. Ètè mi ti là, imú mi gbẹ, gbogbo koríko àyíká sì ti pọ́n bí awọ ẹtu. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni ìyá ọkọ mi gbìn wọ́n. Méjì tó wà létí ọgbà ti gbẹ, ewé wọn so rọ̀ bí àkísà. Ẹ̀kẹta, tí ìdí rẹ̀ wà níbi tí omi balùwẹ̀ ti ń ṣàn jáde, tutù yọ̀yọ̀. Mo gbé báàfù sílẹ̀. Mo ka ewé rẹ̀: mọ́kànlá, kò sí èyí tí etí rẹ̀ gbẹ. Mo tún un kà. Ọmọ mi ń ké nínú yàrá, n kò gbọ́. Ìyálé mi ló wá gbé e síta, tó bi mí bóyá mo ti sọnù sẹ́yìn balùwẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé omi tí gbogbo wa ń dà nù lójoojúmọ́ yìí kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Télọ̀ ni mí, ọmọ Ìkirè, n kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta nílé ọkọ nígbà náà. Láti Ìkirè sí Apòmù kò jìnnà. Bí o bá fi oorun díẹ̀ kun ara nínú mọ́tò, awakọ̀ á gbé ọ kọjá. Síbẹ̀, lójú àwọn obìnrin ilé, àjèjì ni mí. Ìyálé mi yìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A kò fi ju ọdún kan jura wa lọ. "Ẹ" ni mò ń pè é lójú gbogbo ayé, "ìwọ" bó bá ku àwa méjì. Bí mo bá ti ṣe ohun tí kò yé e, á ní, "Ará Ìkirè, ṣé dòdò dídín nìkan ni wọ́n kọ́ yín ni?" Kò ní mí sínú o, ẹnu rẹ̀ ló mú. Ọkọ mi ń wakọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé, nítorí náà àwọn òbí rẹ̀ ni mo ń bá gbé ní tòótọ́: Bàbá, tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, àti Màmá, tí wọ́n ń se ọṣẹ dúdú lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé.

Ọdún tó ṣáájú ni iná igbó jó oko kòkó Bàbá. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn dé oko lọ́jọ́ kejì sọ pé wọn kò sunkún. Wọ́n kàn ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí èèyàn. Nígbà tí òjò ìkẹyìn ọdún yẹn rọ̀ tán, Bàbá bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kéékèèké, wọ́n gbin hóró kòkó kọ̀ọ̀kan sínú wọn, wọ́n sì tò wọ́n sẹ́yìn ilé lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ: ìlà méjìlá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Èyí tí kò bá hù, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, títí ìlà kankan kò fi ní àlàfo. Bí òjò bá lè bá àwọn ọmọ kòkó wọ̀nyí láàyè, wọ́n á kó wọn lọ sí oko tó jóná náà. Àwọn ọmọ Bàbá lọ́kùnrin kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà gbin ẹ̀gẹ́, pé kòkó ń pẹ́ kó tó so. Wọn kò sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà síta, pé Bàbá ti dàgbà. Bàbá gbọ́ ìyókù náà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan yìí," wọ́n ní. "Bí ìwọ̀nyí bá kú, mi ò ní gbin òmíràn mọ́. Ẹ lè wá máa gbin ẹ̀gẹ́ yín."

Ọyẹ́ ọdún náà le. Okùn ìfami tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò dé omi kànga mọ́. A so òmíràn mọ́ ọn, ohun tó sì ń gòkè wá pọ́n, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Bàbá fi àgádágodo ti ọmọrí kànga, wọ́n ń ṣí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe òfin yìí, àwọn fúnra wọn ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa omi fún kòkó mọ́. "Èèyàn ni kó kọ́kọ́ mu." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á gbé bútà lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa ro ìyókù omi náà sí ìdí kòkó, ẹ̀kán mẹ́ta síhìn-ín, ẹ̀kán mẹ́ta sọ́hùn-ún. Bútà kan kì í dé ìparí ìlà kan. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé omi mímu tí mo gbé fún wọn pẹ̀lú oúnjẹ ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n ní, "Òùngbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ mí." Ọ̀sán gangan ni.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ka ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa fi omi balùwẹ̀ bomi rin kòkó."

"Omi ìdọ̀tí?"

"Mo ti ṣírò rẹ̀, Bàbá. Àwa mẹ́rìnlá la wà nílé. Bí a ti ń ṣọ́ omi lò tó yìí náà, garawa mẹ́rin là ń wẹ̀ dà nù lójúmọ́."

Ìdọ̀tí kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. "Nàjísì ńkọ́? Ọwọ́ tí mo fi ń tọ́jú kòkó náà ni mo fi ń kírun. Wọ́n sì ń tọ̀ sí balùwẹ̀ yẹn."

Ta ni kò mọ̀? Ta ni nínú wa tí kò ṣe é rí? Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà mọ́jú. Nígbà tí a kírun Àṣùbáà tán lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe gbogbo ilé jọ síwájú ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń kéde ọ̀rọ̀ ikú àti ìgbéyàwó sọ pé, "Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ̀ sí balùwẹ̀ mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Omi ìwẹ̀ ti di ti kòkó."

Ìyálé mi ò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí omi tútù bá kan ara nínú ọyẹ́, ìtọ̀ kì í bèèrè lọ́wọ́ èèyàn o."

"Kí o sáré," ni Bàbá wí.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Gba ìlà mẹ́rin. Kí a fi wò ó ná." Ìlà mẹ́rin jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ kòkó ó lé mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́ta ìrètí wọn.

N kò fẹ́ da omi ọṣẹ sí kòkó bó ṣe wà. Mo ti rí bí ojú ilẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ ṣe dì, tó rí bí èépá orí ẹ̀kọ. Mo fẹ́ sẹ́ omi náà kí ó tó dé ìdí ohun ọ̀gbìn, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo wá ro ohun tí mo mọ̀. Nílé ìyá mi ní Ìkirè, eérú la fi ń fọ ìdí apẹ tí a fi ń dín dòdò, títí yóò fi máa dán. Eérú là ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó má baà rùn. Mo bi ara mi pé, ohun tó ń fọ ìkòkò, tó sì ń pa òórùn, kí ni omi ẹlẹ́gbin tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn? Màmá kò sí nílé. Ọmọbìnrin wọn kan bímọ sí Gbọ̀ngán, wọ́n sì ti lọ bá a wẹ ọmọ. Lábẹ́ àtíbàbà wọn ni mo ti rí ìkòkò ńlá kan tí wọ́n lu ihò kéékèèké sí nídìí, àti ààbọ̀ àpò eérú èèpo kòkó. Mo yá méjèèjì lò. Mo gbé ìkòkò náà ka òkúta mẹ́ta, mo gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ́ kànìnkànìn ìbílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí eérú má baà jò, mo wá rọ eérú lé e lórí, ó ku bí ìbú ọwọ́ kan kí ó dé ẹnu. Mo bu omi ìwẹ̀ sí i, mo jókòó tì í, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ kọ́kọ́ rìn.

Ọ̀rẹ́ mi, omi tó wọlé ṣókùnkùn, ó ń hó, irun wà nínú rẹ̀. Èyí tó jáde dà bíi tíì tí a kò tíì fi mílíìkì sí, ó mọ́ débi pé mo rí ìdí báàfù. Mo gbé e lọ fún Bàbá. Wọ́n gbé imú sí i.

"Kò rùn mọ́."

"Kò rùn mọ́, Bàbá."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo rán apá òsì méjì mọ́ bùbá oníbùbá lọ́jọ́ náà. Ìyálé mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó pòṣé. "Máa ṣe é lọ," ló wí. Mo rò pé ìlara ni.

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń fi bomi rin ìlà mẹ́rin náà, etí ewé kòkó ti pọ́n, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí aṣọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, nǹkan funfun yọ lójú iyẹ̀pẹ̀. Èmi ní tèmi, mo gbà pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n. Mo fi kún omi wọn. Ohun tó máa ń dùn mí jù nìyẹn títí di òní: kì í ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, èkejì ni. Mo rí i pé wọ́n ń kú, mo sì fún wọn ní púpọ̀ sí i nínú ohun tó ń pa wọ́n. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹsàn-án, àwọn igi tín-tìn-tín náà ti tẹ̀ kọ̀dọ̀. Mo kà wọ́n, mo fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ti kú.

Ọjọ́ náà gan-an ni Màmá ti Gbọ̀ngán dé. Ẹrù wọn ṣì wà lórí nígbà tí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọlé, tí wọ́n rí ìkòkò wọn lórí òkúta mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ìka kan bọ omi inú báàfù, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á wò, wọ́n fi í kan ahọ́n, wọ́n tutọ́.

"Ta ló ń se ọṣẹ nílé yìí?"

"Kì í ṣe ọṣẹ, Màmá. Omi kòkó Bàbá ni. Mo fi eérú sẹ́ ẹ."

"O fi eérú ṣe kí ni?"

"Mo sẹ́ ẹ ni, kí ó lè mọ́."

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín, ó sì pọ̀ débi pé wọ́n ní láti sọ ẹrù kalẹ̀. "Ọmọ mi, omi eérú lèyí! Òun ni mo fi ń se ọṣẹ. Èmi tí mo ti ń ṣe é láti kékeré, bó bá pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ń bó mi láwọ. O wá ń fún ọmọ kòkó mu?" Ìgbà yẹn ni wọ́n gbójú sókè, tí wọ́n rí ìlà mẹ́rin náà. Ẹ̀rín dá. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyálé mi ti wá dúró lẹ́yìn wa. "Mo rí i o, Màmá," ó ní. "Mo rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé ó fẹ́ máa se ọṣẹ ni, kí ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀ jù wá lọ. Mo ní ará Ìkirè yìí ti fẹ́ fi ọṣẹ ra ojú ìyá ọkọ. Ọlọ́run ló rí mi, mo rò pé omi ìwẹ̀ lásán ni kòkó ń mu, mi ò mọ̀ pé èyí ló ń dà sí i." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Èmi náà ì bá bi í ní ìbéèrè kan náà. Àwa méjèèjì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo dúró kí Bàbá kírun Alásárì tán. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi ni mo pa wọ́n." Mo ṣàlàyé, n kò fi ohunkóhun bò. Wọ́n ti ń wo àwọn ewé náà láti ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n sì ti gbà pé ọyẹ́ ni. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ síbi ìlà mẹ́rin náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn tó ti kú tu lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn sójú kan. Wọn kò yára. Mo dúró, mò ń retí èébú. Èébú ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fi ẹsẹ̀ sún ọ̀rá díẹ̀ jọ.

"Mẹ́jọ wọ̀nyí ò kú," wọ́n ní. "Ẹni tí kò bá lọ sódò kò lè fọ́ ìkòkò. Gbogbo ẹ̀, igba ó lé mẹ́rìndínlógún ló kù. Ṣé wàá tún un ṣe?"

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìdí nìyẹn tí a ó fi kọ́kọ́ fi márùn-ún péré wò ó. Lọ bá ìyá rẹ. Òun ló mọ omi."

Báyìí ni èmi àti Màmá ṣe di alábàáṣiṣẹ́. Mo ní àpò èédú kan tí mo fi ń dáná sí áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì rántí pé ìyá mi máa ń ju èédú sínú omi àmù tó bá ní òórùn. Màmá ní èédú náà ní eérú lára, pé a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. A gún un wẹ́wẹ́, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, a sì gbé e lọ sí odò, tó jìnnà jù láti máa ru omi rẹ̀ wálé lójoojúmọ́, kí a má baà fi omi kànga ṣòfò. Bí a bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Màmá á ti ìka bọ omi rẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò pa á. Bí ó bá ń yọ̀, wọ́n á ní, "Ó ṣì ń bẹ níbẹ̀." Ìgbà kẹsàn-án ni omi náà tó dákẹ́ lábẹ́ ìka wọn. N kò tíì rí ohun èlò tó péye ju ìka méjì yẹn lọ. A kó yanrìn láti odò náà, a fọ ìyẹn pẹ̀lú. Ìkòkò oníhò náà la tún lò, lẹ́yìn tí a ti fọ eérú kúrò lára rẹ̀ pátápátá: òkúta wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀, ìka mẹ́rin ní gíga, yanrìn lé e, ìka mẹ́fà, èédú lé yanrìn, ìka mẹ́jọ, kànìnkànìn ìbílẹ̀ lókè pátápátá láti mú irun àti ọ̀rá ara, tí à ń fọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Màmá tún kọ́ mi pé omi kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìka kà á fún mi bí ẹni ń ka ìran ẹbí: omi àlùwàlá kò ní ọṣẹ, kò nílò sísẹ́, kí a dà á sí kòkó tààrà. Omi tí a fi fọ aṣọ ní àkọ́kọ́, kí a dà á nù, ọṣẹ rẹ̀ ti pọ̀ jù; èyí tí a fi ṣan aṣọ náà, kí a tọ́jú rẹ̀. Omi abọ́ ní epo, kò dára fún èédú, kí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa mu ún. Omi ìwẹ̀, kí a sẹ́ ẹ, kí a wá lú u mọ́ omi àlùwàlá ní dọ́gba-dọ́gba, nítorí ọṣẹ dúdú inú rẹ̀, eérú náà ni baba rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sùn di ọjọ́ kejì, yóò rùn. Ohun tí mo ń wá kiri yìí wà lórí obìnrin tó ń sùn ní yàrá kejì sí tèmi.

A fi márùn-ún wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àràárọ̀ ni Bàbá ń wá wo ewé wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, mo bá ewé tuntun lórí mẹ́ta nínú wọn, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ìyálé mi ló pariwo tó fi pe Bàbá jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni òun náà ti wọ inú iṣẹ́ náà, òun ló ń dúró lẹ́nu balùwẹ̀ bí agbófinró, tó ń bi àwọn tó bá ń wọlé pé, "Ṣé o ti dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Kòkó ò mu ìtọ̀ o!" Ọkọ mi tó ti òkè Ọya dé, tí kò gbọ́ nǹkan kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mọ́tò padà.

A wá fi bomi rin gbogbo wọn: agolo mílíìkì kékeré kan ni à ń fún kòkó kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju garawa méjì àti ààbọ̀ lọ. Mo fi aago ọkọ mi wo ìkòkò náà: garawa kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì kí ó tó sẹ́ tán, nínú garawa mẹ́wàá tí a bá sì dà sí i, mẹ́jọ ló ń padà bọ̀ sọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tí Bàbá tún gbé bútà lọ sẹ́yìn ilé, mo sì rò pé wọn ò fọkàn tán mi. Àṣé wọ́n kàn fẹ́ kí àwọn kòkó náà ni.

Òjò dé, ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, a kó àwọn kòkó náà lọ sóko. Eku ti gé méje, mẹ́fà kàn rọ fúnra wọn. Igba ó lé mẹ́ta la gbìn. Àwọn ọkùnrin tó ní kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn tó gbẹ́ ihò, kò sì sí ẹni tó rán wọn létí. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn ru mẹ́jọ tó yè nínú omi eérú. Apẹ̀rẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì gbìn wọ́n ní ìlà kan létí ahéré, níbi tí ojú wọn á ti máa tó wọn. Àwọn Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ so, ọdún kẹrin ni, Bàbá fọ́ èso kan lára Ọlọ́ṣẹ kan, wọ́n yọ hóró mẹ́ta fún mi kí n fi lá ẹnu. "Wò ó bóyá ó ń hó," wọ́n ní. Èmi àti ìyálé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Bàbá kórè níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọlọ́jọ́ wọn tó dé. Ìparí ọdún náà ni èmi àti ọkọ mi kó wá sí Ìkirè, mo sì gbé ìkòkò kan kalẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, tí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àbúrò mi ń dín èso rẹ̀ ta létí títì ń mu omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo ti tò ó fún ilé méjìdínlógún ní Ìkirè àti Apòmù. Kò sí ilé tí mo dé tí n kò kọ́kọ́ sọ ti kòkó mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún fún wọn kí n tó fọwọ́ kan yanrìn. Àwọn mìíràn máa ń ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Omi tó mọ́ lójú lè jó gbòǹgbò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wà ní yàrá kejì sí ọ, tí o kò bi í. Ẹni tó rí ọ sì lè pòṣé kí ó kọjá. Bàbá nìkan ló ṣe ohun tó ṣòro níbẹ̀. Wọ́n ka ohun tó kù, wọ́n sì tún fi lé mi lọ́wọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi àti ìyálé mi lọ sí oko náà. Òun ń ka ìlà kan, èmi ń ka èkejì, ó ṣì ń bi mí bóyá wọ́n ń kọ́ ará Ìkirè ní ìṣirò. Nínú igba ó lé mẹ́ta tí a gbìn, mọ́kànléláàádọ́sàn-án ló ṣì dúró. Nígbà tí a dé etí ahéré, a ka àwọn Ọlọ́ṣẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má baà jẹ́ pé ojú wa ló ń tàn wá. Mẹ́jọ nínú mẹ́jọ.